Lẹ́tà D Nínú Ìwé Màmá

Ní ọjọ́ tí a sin ìyá ìyá mi, mo sọ fún gbogbo ẹni tí ó wá bá wa kẹ́dùn pé wọ́n tàn mí jẹ. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí àgbà obìnrin bí èmi máa sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Àìmọye ọmọ ni mo kọ́ bí a ṣe ń ṣọ́ ẹnu láwùjọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù, Màmá dàgbà, Màmá rí ọmọ ọmọ," ohun tí ó ń jáde lẹ́nu mi ni pé, "Wọ́n tàn mí jẹ. Àárọ̀ méjìlá gbáko ni mo fi lọ bẹ̀ wọ́n wò, wọn kò sọ fún mi pé egbò inú wọn ti ń bàjẹ́."

Àwọn ènìyàn a mi orí. Wọ́n rò pé ìbànújẹ́ ni. Ìbínú ni. Bí ó bá jẹ́ ìyá àgbà ẹlòmíràn ni, ǹ bá gbà pé àgbàlagbà fẹ́ kú jẹ́ẹ́jẹ́ ni, ǹ bá sì mójú kúrò. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tèmi ni ẹni tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún bá odindi ilé ìwòsàn jà nítorí pé àwọn aláìsàn kì í sọ bí ó ti ń ṣe wọ́n gan-an. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó fi tiwọn pa mọ́ fún mi, ó ní ohun tí wọ́n rò nípa mi. Ohun náà ni mo ń wá láti ìgbà náà.

Nọ́ọ̀sì ni Màmá. Wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ní ilé ìwòsàn kan láàárín Ìkejà àti Agége. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé àwọn tí ẹ̀rọ gé lọ́wọ́ ní ilé iṣẹ́ wá, àti àwọn tí irin jábọ́ lù, àti àwọn alápatà Oko Ọba tí ọ̀bẹ yọ̀ mọ́ lọ́wọ́. Màmá kúrú, wọ́n dúdú, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́. Bàtà funfun kan wà tí wọ́n máa ń wọ̀ nínú ilé, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà. Bí ó bá gbó, wọ́n a ra irú rẹ̀ gan-an mìíràn. Iṣẹ́ wọ́ọ̀dù ni ó kọ́ wọn. Wọn kì í fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀, ìbáà ṣe láti orí bẹ́ẹ̀dì wọn dé ibi fèrèsé. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀, mo ní ṣebí àwọn fúnra wọn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ilẹ̀ náà tán. Wọ́n ní, "Ojú mi ti gbà pé ó mọ́. Ẹsẹ̀ mi ni kò tíì gbà."

Ọ̀dọ̀ wọn ni mo dàgbà sí, ní Ìfàkò-Ìjàyè, nítorí pé òkèèrè ni ìyá mi ti ń ṣòwò. Nínú ilé náà, ìkíni ní àyè tirẹ̀, ìbéèrè sì ní tirẹ̀. Bí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, mo gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí n sọ pé, "Ẹ kú ilé, mà," wọ́n a sì dáhùn pé, "Káàbọ̀, Àjọkẹ́." Ìyẹn tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó yọ awò ojú wọn, wọ́n á gbé e lé orí tábìlì, wọ́n á wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Bí awò náà bá ti kúrò lójú wọn, mo mọ̀ pé ìbéèrè gidi ń bọ̀. Ìbéèrè náà kò yí padà láti ọdún dé ọdún: "Kí ni o ṣe lánàá tí o kò lè ṣe lónìí?"

Mo dáhùn nígbà kan pé, "Lánàá, mo jẹ ẹran méjì, mà."

"Lónìí ńkọ́?"

"Lónìí, n kò lè jẹ ẹran."

Àyà wọn já. Wọ́n fa mí mọ́ra, wọ́n fọwọ́ kan ọrùn mi, wọ́n ní kí n la ẹnu, wọ́n yẹ ahọ́n mi wò. "Kí ló dé tí o kò lè jẹ ẹran?"

"Ẹ kò tíì fún mi ni, mà."

Wọ́n gbá mi létí fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì lọ bu ẹran fún mi. Bí wọ́n ti ń lọ ni mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún ara wọn pé, "Eléyìí, ikú ìdákẹ́ kọ́ ni yóò pa á."

Alápatà kan ni ó fi ìbéèrè náà lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n sọ ìtàn rẹ̀ fún mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè tọ́ka sí bẹ́ẹ̀dì tí ọkùnrin náà dùbúlẹ̀ sí. Alájì ni gbogbo ènìyàn ń pè é ní Oko Ọba. Ọ̀bẹ ya á nítan, dókítà rán an, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe tú aṣọ tí wọ́n fi dì í títí di ọjọ́ karùn-ún. Alájì ga, ó sanra, ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Láràárọ̀, nọ́ọ̀sì tí iṣẹ́ bá kàn á dúró sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ sà, Alájì. Ṣé ara le?"

"Alihamudulilahi, a dúpẹ́. Ilé ńkọ́? Ọ̀gá yín ńkọ́?"

"Wọ́n wà, sà."

Nọ́ọ̀sì náà á wá gbé ìwé tí ó wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, á kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé ara aláìsàn yìí ti ń yá, kò sì sí ìrora. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí ó parọ́ nínú wọn. Ọmọ Yorùbá wo ni a óò bi pé "Ṣé ara le?" tí yóò dáhùn pé "Rárá, kò le"? Ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ ìwà pẹ̀lẹ́ lẹ́nu Alájì ni ó di ìròyìn egbò nígbà tí ó dé inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, Màmá ń kọjá lọ, wọ́n sì rí i tí ìyàwó Alájì ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé itan ọkọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n dúró. Wọn kò kí i.

"Alájì, kí ni ẹ ṣe lánàá tí ẹ kò lè ṣe lónìí?"

Ọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní, "Sísítà, ẹ má bínú o. Lánàá, èmi ni mo gbé ẹsẹ̀ yìí fúnra mi. Lónìí, ìyàwó mi ni. Láti ìjẹta ni mo sì ti ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹran ni iṣẹ́ mi, mo mọ èyí tó ti fẹ́ bàjẹ́."

"Ẹ̀yin wá dákẹ́?"

"Ta ló bi mí? Wọ́n kàn ń kí mi ni."

Nígbà tí wọ́n tú aṣọ náà, òkè egbò náà ti pa ojú dé, ó ń dán. Abẹ́ rẹ̀ ni ọyún kún. Wọ́n ṣí i, wọ́n fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, wọn kò sì rán an mọ́. Wọ́n ń fi gọ́ọ̀sì, aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń tọ́jú egbò, dí i lójoojúmọ́ kí ó lè jinná láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Alájì tiro díẹ̀ títí ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn kúrò níbẹ̀. Gbogbo Iléyá ni ó máa ń gbé ẹran wá sílé wa, bí ó bá sì dé ẹnu ọ̀nà, á kígbe pé, "Sísítà, mo ti dé o! Ẹ má kí mi, ẹ bi mí!"

Láti ọjọ́ itan Alájì ni Màmá ti ra ìwé ńlá kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ páálí. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìbá pè é ní ìwádìí. "Ìwé mi" ni Màmá ń pè é. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní ojú ìlà tirẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n rán an, àwọ̀ egbò, òórùn rẹ̀, ìgbóná ara, àti ìdáhùn rẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì kí i. Ẹni tí ó bá ní "A dúpẹ́," wọ́n a kọ lẹ́tà D sí i níwájú. Bí egbò náà bá jinná tàbí tí ó bàjẹ́, wọ́n a kọ ìyẹn náà. Ọdún gorí ọdún, ìwé gorí ìwé, títí ó fi hàn gbangba lójú wọn pé àwọn tí D wọn tò tẹ̀ léra ni egbò wọn ń jẹrà lábẹ́lẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tètè mọ̀. Àgbà ni ọ̀pọ̀ wọn, àti àwọn ìyàwó tí ìyá ọkọ wọn jókòó tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n wá kìlọ̀ fún àwọn nọ́ọ̀sì abẹ́ wọn pé bí wọ́n bá kí aláìsàn tán, kí wọ́n kà á sí pé wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn ọmọ náà fún wọn lórúkọ ní kọ̀rọ̀, Sísítà Má-kí-wọn. Màmá gbọ́ orúkọ náà. Wọ́n ní, "Ó dára. Ẹ fi sára ilẹ̀kùn mi."

Wọ́n mọ ìjà í jà. Alágbà ìjọ Aládùúrà kan wá gbàdúrà fún arábìnrin ìjọ rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la inú fún. Ó ti ń tú òróró sí àtẹ́lẹwọ́ kí Màmá tó di ẹnu ọ̀nà mú.

"Sísítà, ẹ jẹ́ kí n ráyè. Ṣé ẹ ò gba Ọlọ́run gbọ́ ni?"

"Mo gbà á gbọ́, sà. Ẹ̀gbọ́n mi pàápàá ń lu agogo ní ìjọ yín. Ọwọ́ yín ni n kò gbà gbọ́. Ọṣẹ wà lọ́hùn-ún."

Alágbà bínú, ó sì fọwọ́. Lẹ́yìn àdúrà, ó yí padà sí arábìnrin náà, ó ní, "Arábìnrin, ṣé ara ti fúyẹ́?" Obìnrin náà ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa." Gbogbo àwọn ọmọ ìjọ tí wọ́n bá a wá kígbe Halelúyà. Màmá dúró kí ariwo náà rọlẹ̀, wọ́n wá bi obìnrin náà ní ìbéèrè tiwọn. Ó bú sẹ́kún. Màmá sọ fún Alágbà pé, "Ẹ rí i, sà? Ẹ ti jẹ́ kí ó jẹ́rìí kí ó tó sọ̀rọ̀."

Nígbà tí ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń se ọṣẹ bú gbàmù ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkejà, ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n fi kó àwọn òṣìṣẹ́ wá. Ariwo gba gbogbo ọgbà ilé ìwòsàn. Àwọn nọ́ọ̀sì ń sáré tọ ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ga jù. Màmá gun orí àga, wọ́n pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. "Ẹ fi àwọn tó ń pariwo sílẹ̀ ná! Èémí wọn pé. Ẹ wá àwọn tó ń dákẹ́ fún mi." Àwọn fúnra wọn ni wọ́n rí ọ̀gá òṣìṣẹ́ kan tí ó fara ti ògiri, tí aṣọ rẹ̀ kò tilẹ̀ ya. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà. A dúpẹ́. Ẹ tọ́jú àwọn ọmọ yẹn kọ́kọ́." Màmá gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n sì ní kí wọ́n gbé e wọlé ṣáájú gbogbo àwọn yòókù. Irin ti gbá a nínú. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lábẹ́ awọ. Dókítà tí ó là á bi Màmá pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀. Wọ́n ní, "Ẹni tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí, tó ṣì ráyè kí mi kú iṣẹ́, kò sí ohun tí kò lè máa fi pa mọ́."

Mo ti kọ gbogbo èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tí ó tàn mí. Ó ku ẹyọ kan.

Nígbà tí ìwé wọn pọ̀ tó, Màmá kó ohun tí wọ́n rí jọ sí ojú ewé mẹ́wàá, wọ́n sì bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbọ́ wọn ní ìpàdé àwọn àgbà ilé ìwòsàn. Wọ́n fẹ́ kí a yí ìbéèrè inú ìwé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì padà ní gbogbo wọ́ọ̀dù. Nọ́ọ̀sì Bísí, tí ó bá wọn kọ ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀, tẹ̀ lé wọn lọ. Òun náà ti di ìyá àgbà báyìí, òun ni ó sì sọ bí ó ti rí fún mi.

Màmá ka ìwé náà tán. Dókítà àgbà rọra rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Sísítà, kí ni ẹ ní kí a máa ṣe báyìí? Kí a máa wọlé tọ ẹni tó tó bàbá wa láìkí wọn? Àwọn ẹbí yóò ní wọn ò kọ́ wa nílé." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó wá kọjú sí Bísí láti fi parí ọ̀rọ̀ náà. "Nọ́ọ̀sì, ìwọ ńkọ́, ṣé nǹkan ń lọ dáadáa ní wọ́ọ̀dù yín?"

Bísí kúnlẹ̀ díẹ̀. "A dúpẹ́, sà."

Ẹ̀rín tún sọ. Dókítà na ọwọ́ sí Màmá bí ẹni pé ó ti borí: ẹlẹ́rìí wọn fúnra rẹ̀ ti jẹ́rìí lòdì sí wọn. Bísí sọ fún mi pé òun fẹ́ kí ilẹ̀ la ẹnu gbé òun mì. Ṣùgbọ́n Màmá yọ awò ojú wọn.

"Bísí, kí ni o ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá tí o kò lè ṣe lọ́sẹ̀ yìí?"

Bísí ní, "Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mà, mo fi gọ́ọ̀sì tuntun dí egbò. Láti ìjẹta, kò sí gọ́ọ̀sì. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí a sè ni a ń gé."

Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín mọ́. Màmá dá awò wọn padà sójú, wọ́n tẹrí ba fún dókítà àgbà, wọ́n ní, "Ẹ kí i ni, sà. Ẹ kò bi í."

Àwọn àgbà náà gbà fún wọn, ṣùgbọ́n wọ́ọ̀dù Màmá nìkan ni. Wọ́n tẹ ìbéèrè náà sórí ìwé, wọn kò fi orúkọ Màmá sí i. Ọdún tí Màmá fẹ̀yìn tì gan-an ni wọ́n tẹ ìwé mìíràn, ìbéèrè àtijọ́ sì padà síbẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo ni mo gbọ́ tí Màmá sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. A lọ wo aládùúgbò wa kan ní wọ́ọ̀dù náà, wọ́n gbé ìwé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n kà á, wọ́n rọra gbé e padà. Nínú kẹ̀kẹ́ tí a bá padà sílé ni wọ́n tó lanu. "Wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn, Àjọkẹ́."

Bí ẹ ti mọ Màmá báyìí, ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe fún mi.

Wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún nígbà tí ìfun wọn lọ́. Dókítà ọ̀dọ́ kan ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó ṣe é dáadáa, n kò ní ẹjọ́ kankan bá a rò. Nígbà tí wọ́n padà sílé, nọ́ọ̀sì kan ni ó yẹ kí ó máa wá tú aṣọ egbò náà wò. Ní ọjọ́ kejì, Màmá lé e lọ. "Èmi ni mo kọ́ ẹni tó kọ́ ọ̀gá rẹ. Fi gọ́ọ̀sì yẹn sílẹ̀, ọmọ dáadáa." Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé agbára wọn ni ó ń padà.

Ẹ̀gbẹ́ Allen ní Ìkejà ni mo ń gbé. Láràárọ̀, kẹ̀kẹ́ kan máa ń gbé mi dé Ìfàkò, á sì dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Orúnkún mi kò fẹ́ràn ìkúnlẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n mo ń kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé ẹ sùn dáadáa? Ṣé ara le?"

"A dúpẹ́, Àjọkẹ́. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"A dúpẹ́, mà."

"Ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ní kí n kí yín, mà."

"Ẹ ṣé, ẹ ṣé."

N ó gbé ọsàn tàbí ẹ̀kọ tí mo mú wá kalẹ̀, a ó sọ̀rọ̀ nípa òjò àti iná mànàmáná, kẹ̀kẹ́ á fun fèrè, n ó dìde. Yàrá náà ń ta sánsán. Ìpara gbígbóná tí wọ́n fi ń pa orúnkún ni, mo sì rò pé orúnkún ni. Òórùn egbò ni wọ́n ń fi bò mọ́lẹ̀. Màmá mọ ohun tí imú mi yóò gbọ́, wọ́n sì dènà dè é. Èyí ni n kò lè gbé mì títí di òní: wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, wọ́n fi ọgbọ́n iṣẹ́ wọn ṣe é, èmi tí wọ́n tọ́ ni wọ́n sì ṣe é fún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejìlá, ara wọn gbóná bí ààrò, wọn kò sì mọ ọjọ́ tí a wà mọ́. Ní ilé ìwòsàn, dókítà ọ̀dọ́ náà tú aṣọ egbò inú wọn. Ó ní, "Mà, òkè rẹ̀ ti pa ojú dé. Abẹ́ rẹ̀ ni kò jinná. Ṣé wọn kò ráhùn fún yín rárá ni?"

Mo ní, "A dúpẹ́ ni wọ́n máa ń sọ."

Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. N kò mọ ohun tí ó kọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, ojú wọn là díẹ̀. Mo dì wọ́n lọ́wọ́ mú, mo ní, "Màmá, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?" Wọ́n wò mí pẹ́. Wọ́n ní, "Máa lọ, Àjọkẹ́. Kẹ̀kẹ́ rẹ ń fun fèrè." Kò sí kẹ̀kẹ́ kankan nítòsí. Mo gbà pé ibà ni ó ń sọ̀rọ̀. Wọn kò tún sọ nǹkan mìíràn kí wọ́n tó lọ.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, èmi àti Nọ́ọ̀sì Bísí tú yàrá wọn. Àwọn ìwé ńlá náà wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èyí tí ó kẹ́yìn sì wà lórí. Bísí ṣí i, ó kà á, ó gbé e fún mi. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ojú ewé tí wọn kò kọ nǹkan sí, aláìsàn kan wà níbẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ "Èmi."

Ọjọ́ kìíní: egbò pupa, ó mọ́, kò sí òórùn. Àjọkẹ́ dé. Ó kí mi. D. Ọjọ́ kẹta: mo dìde fúnra mi. Ó kí mi. D. Ọjọ́ karùn-ún: mo di ògiri mú kí n tó dìde. Òórùn díẹ̀. Mo ti pa ìpara. Ó mú ọsàn wá. Ó kí mi. D.

Ìbínú mi ru. Mo sọ fún Bísí pé, "Ẹ wò ó! Wọ́n ń fi mí ṣe ìwádìí. Wọ́n sọ mí di nọ́ọ̀sì ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì Alájì, wọ́n ń kọ mí sílẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n sì ń wò mí." Mo ṣí i sí ìparí. Ọjọ́ kẹsàn-án, ó kí mi, D. Ọjọ́ kẹwàá, D. Ọjọ́ kọkànlá, lẹ́tà náà nìkan ni. "Bí wọ́n bá sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan péré," mo ní, "ẹ̀ẹ̀kan péré, mà!"

Bísí ní, "Ka ọjọ́ kẹjọ, Àjọkẹ́."

Kí n tó kà á ni mo ti rántí. Ní àárọ̀ náà, mo bá wọn ní etí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ lásán lórí ilẹ̀, bàtà funfun náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó yà mí lẹ́nu débi pé n kò tilẹ̀ kí wọn. Mo ní, "Màmá, kí ló dé tí ẹ kò wọ bàtà?" Wọ́n sì yọ awò ojú wọn. Mo rí i tí wọ́n yọ ọ́. Wọ́n ní, "Lánàá, ó wọ̀ mí. Lónìí, kò wọlé." Kẹ̀kẹ́ fun fèrè níta. Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ kú ìrọ́jú." Mo fi ẹsẹ̀ ti bàtà náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n má baà fi kọsẹ̀, mo sì jáde.

Ọjọ́ kẹjọ: ibà. Ẹsẹ̀ wú. Òkè egbò ti pa dé, abẹ́ rẹ̀ rọ̀. Àjọkẹ́ bi mí. Mo dá a lóhùn. Ó kí mi. Kẹ̀kẹ́ ń fun fèrè.

Ọjọ́ náà nìkan ni kò ní D.